Ọkọ akẹ́rù tí ẹ háyà ti ní jàǹbá: ta ló máa san kí ni?

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn tí ọkọ dúró ni ìkòkò ọbẹ̀ wa tó ń yí lọ lójú títì, tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ la ti ń kó bọ̀, Iléṣà là ń kó lọ. A ò tíì dé Òṣú tí bírékì Canter tí a háyà fi kọ̀ láti mú, ni dírẹ́bà bá kó sẹ́yìn Camry kan tó fẹ́ yà sí ọ̀nà oko. Ẹnikẹ́ni ò kú, a dúpẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó bá wa gbé ẹrù fi apá ṣẹ́, ẹ̀yìn Camry wó wọnú, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyàwó mi sì di igi ìdáná.

Kó tó di pé ara mi balẹ̀, èèyàn mẹ́ta ti dá ẹjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ni Camry ní èmi tí mo háyà ọkọ ni màá tún ọkọ òun ṣe. Dírẹ́bà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọkọ ní ìnṣọ́ránsì, ìyẹn á san gbogbo ẹ̀, títí kan kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ ní kí kálukú gbé ohun tó ṣẹ́ kù fún un kó máa lọ, pé àyànmọ́ ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì í, ó sì gbà mí ní oṣù púpọ̀ kí n tó mọ ibi tí kálukú wọn ti ṣì í.

Ohun mìíràn tó tún ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè níbẹ̀ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe bí ọkọ akẹ́rù tó háyà bá ní jàǹbá, ìdáhùn Amẹ́ríkà ló máa kún ojú fóònù yín. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ń kó ilé ló máa ń gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wà á. Láti 2005 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sì ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ háyà kì í jẹ gbèsè jàǹbá kìkì nítorí pé òun ló ni ọkọ, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ti ṣe àìbìkítà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ àti dírẹ́bà jọ ń wá ni. Ẹ ò gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ò di sítẹ́rìn mú, ẹ kàn jókòó níwájú, ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n lé itan. Nítorí náà, ẹ pa ìmọ̀ràn Amẹ́ríkà tì.

Èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá rí fìríìjì yín tó dojú bolẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹsẹ̀ yín máa fẹ́ gbé yín lọ. Ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Bí sílíńdà gáàsì bá wà nínú ẹrù, ta ló sì ń kó ilé láìkó gáàsì, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, títí ẹ ó fi mọ̀ pé kò jò. Ẹni tó bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má fà á dìde, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ibi tó wà ni kó wà títí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi dé, àfi bí iná bá fẹ́ mú ibẹ̀. C-caution, àmì pupa onígun mẹ́ta yẹn, ibi tó jìnnà sẹ́yìn ọkọ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ táyà ẹ̀yìn bí dírẹ́bà wa ti ṣe. Ewé tí wọ́n máa ń já sójú títì sàn ju asán lọ ní ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sẹ́ni tó ń rí ewé.

Ẹ pe 122. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, FRSC, kì í jẹ owó ìpè. Èyí tó wà fún pàjáwìrì gbogbo ni 112. Bí jàǹbá bá súnmọ́ Ifẹ̀, OAUTHC ni ọsibítù ńlá tó wà nítòsí. Bó bá súnmọ́ Iléṣà, Wesley Guild ni, abẹ́ OAUTHC kan náà lòun náà sì wà. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ san owó ná kóun tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 20, wà lẹ́yìn yín: kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó ní. Ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì ni òfin náà gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀. Ìyẹn ò sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú o. Ìtọ́jú ló kàn gbọ́dọ̀ ṣáájú owó. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì: ti káàdì, ti X-ray, ti oògùn, títí dé owó mọ́tò tí ẹ fi ń lọ tí ẹ fi ń bọ̀. Ẹni tó máa san án lọ́la á ní kẹ́ ẹ kó o wá.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nígbà tí wọ́n ń gbé ọmọkùnrin yẹn lọ, mo yọ fóònù. Ẹ ya nọ́ńbà ọkọ méjèèjì, ẹ ya orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sára bọ́dì ọkọ akẹ́rù, ẹ ya síkà tó wà lára gíláàsì iwájú. Ẹ ya táyà, ẹ ya ipa táyà lójú títì, tàbí àìsí rẹ̀: ibi tí kò bá sí ipa bírékì rárá, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ ya ẹrù bó ṣe wà gan-an kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ẹ ní kí dírẹ́bà mú láísẹ́ńsì rẹ̀ jáde, ẹ yà á. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó rí i tó ń kánjú lọ sóko. Kẹ́ ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀, torí dírẹ́bà lè sá. Kì í ṣe pé olè ni, ẹ̀rù èrò ló ń bà á. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti lu dírẹ́bà rí. Bó bá sá, nọ́ńbà ọkọ àti nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ yín.

Ẹnì kan kan náà ni kó máa ṣọ́ ẹrù, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọmọ Òṣú ló bá wa ṣa ṣíbí kọ̀ọ̀kan kúrò nínú koríko, mi ò lè gbàgbé oore yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan ò dé Iléṣà.

Bí èèyàn bá ti farapa, ẹ má gbà pé kẹ́ ẹ parí ẹ̀ sójú títì. Ẹ lọ sí téṣàn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò, ẹ má sì kọ pé ẹ̀bi yín ni torí pé àánú ẹni tó farapa ń ṣe yín. Àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyẹ̀wò ọkọ, ló máa ń yẹ ọkọ tó ní jàǹbá wò láti mọ̀ bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn ju ariwo ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Tiwa sọ pé bírékì ti gbó kí ọkọ tó kúrò nílé, láti ọjọ́ náà ni ohùn ọ̀gá dírẹ́bà ti lọ sílẹ̀.

Nǹkan méjì ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ní téṣàn. Bí dírẹ́bà bá sá, òfin ò fàyè gbà á pé kí wọ́n mú ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú kọ́ lẹ wa ọkọ. Èkejì, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ọ̀ràn owó tàbí àdéhùn tó yẹ̀ láàárín ẹni méjì. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n wádìí ìwàkuwà tó pa èèyàn lára. Gbígba owó Camry fún ẹni tó ni ín kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ o, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ sà" níwájú àti lẹ́yìn. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, ara ògiri téṣàn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Wọ́n lè mú ọkọ náà dúró títí àyẹ̀wò á fi parí. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kẹ́ ẹ kó ẹrù yín sórí ọkọ mìíràn. Kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, èyí tó fọ́ lọ́tọ̀, èyí tí kò fọ́ lọ́tọ̀, kí dírẹ́bà tàbí ọlọ́pàá kan fọwọ́ sí i. Mi ò ṣe èyí. Ibẹ̀ ni mo ti jìyà jù lọ lẹ́yìn náà, torí nígbà tí mo sọ pé díǹgí ńlá méjì ló fọ́, ọ̀gá dírẹ́bà bi mí pé ta ló rí díǹgí.

Ó wá ku owó. Gbèsè mẹ́ta ló wà nínú jàǹbá kan ṣoṣo yìí, ẹni tó máa san ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì í ṣe ẹnì kan náà.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí ọkọ náà kọ lù: ẹni tó ni Camry, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ògiri onílé. Dírẹ́bà tó jẹ̀bi ló ni gbèsè yìí, ọ̀gá rẹ̀ sì ń bá a rù ú, torí ọ̀gá ló ń jẹ́jọ́ àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ san owó pé kí wọ́n gbé ẹrù yín kò sí nínú rẹ̀, bí ẹni tó wọ takisí kì í ti í tún ọkọ tí takisí bá kọ lù ṣe. Gbèsè yìí gan-an ni ìnṣọ́ránsì tí òfin fi dandan mú gbogbo ọlọ́kọ̀ wà fún, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ẹni kẹta. Orúkọ yẹn ló ń rú èèyàn lójú. Ẹni kìíní ni ọlọ́kọ̀, ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni kẹta ni ẹni tí ọkọ náà ṣe léṣe tàbí tó ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánigbófò, ti gbé owó rẹ̀ sókè: ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ ilé, tí ó lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹni kẹta tó bàjẹ́, ₦20,000 fún ọkọ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀, ₦100,000 fún ọkọ akẹ́rù tó ń gba owó kó ẹrù ẹlẹ́rù. Mílíọ̀nù 5 ni òpin fún àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí.

Ẹ tún ìyẹn kà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́nkọ́gbọ́n wà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà ló wà láàárín "ẹrù ara mi" àti "ẹrù ẹlẹ́rù". Ọlọ́kọ̀ tó bá ra ti ogún ẹgbẹ̀rún, tó wá ń fi ọkọ náà gbowó lọ́wọ́ yín, ti fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lẹ́nu láti bá a ṣe ẹjọ́ lọ́jọ́ tí jàǹbá bá dé. Ìyẹn ṣì dára ju èyí tó jẹ́ ayédèrú pátápátá, tí wọ́n kàn tẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń sọ ìwé ọkọ dọ̀tun. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò lójú ọ̀nà kárí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kẹ́ ẹ dúró de ọlọ́pàá. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí askniid.org, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ọkọ sí i. Bí ìwé náà bá jẹ́ ojúlówó, ó yẹ kó jáde.

Èkejì ni àtúnṣe ọkọ akẹ́rù fúnra rẹ̀. Ti ẹni tó ni ín ni. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ "bá wọn dá sí i". Bí àánú bá ṣe yín, ẹ fún wọn ní owó, ẹ má ṣáà pè é ní gbèsè, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù yín, òun sì ni dírẹ́bà wa parọ́ lé lórí, bóyá láìmọ̀. Ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta kì í san ohun tó wà lórí ọkọ. Ẹrù tí ọkọ náà ń gbé wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà gan-an pé kò kàn wọ́n. Kódà ìnṣọ́ránsì olówó ńlá tó ń tún ọkọ ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe kì í sábà mọ kọ́bọ́ọ̀dù yín rí. Ọ̀tọ̀ ni ìbánigbófò tó wà fún ẹrù tó ń rìnrìn àjò; ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ń tà á, àwọn akẹ́rù kéékèèké tó ń ná Ifẹ̀ sí Iléṣà kì í sábà rà á.

Ṣé àyànmọ́ wá ni, bí bàbá olóko yẹn ti wí? Rárá. Ẹni tó ń gbowó gbé ẹrù fún gbogbo ayé ti gbà pé òun á gbé e dé bó ṣe gbà á. Bí bírékì gbígbó bá ba ẹrù yín jẹ́, lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ni ẹ ó ti bèèrè owó rẹ̀, tààrà, yálà ìnṣọ́ránsì wà tàbí kò sí. Àkọlé tí wọ́n máa ń kọ sára ọkọ, pé ẹlẹ́rù ni kó bójú tó ẹrù rẹ̀, kò pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Adájọ́ á bèèrè bóyá wọ́n fi hàn yín kẹ́ ẹ tó ṣàdéhùn. Ohun tí ẹ ó fi jà ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín: ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, álàátì owó tí ẹ fi ránṣẹ́, fọ́tò ẹrù ṣáájú ìrìn àjò, rìsíìtì ìgbà tí ẹ ra fìríìjì. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọlọ́kọ̀: ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ìwé téṣàn, ohun tó bàjẹ́ àti iye rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ fún un. Kí iye náà jẹ́ òtítọ́. Fìríìjì ọdún mẹ́jọ kì í ṣe iye tuntun, bí ẹ bá sì bù mọ́ ọ̀kan, wọn ò ní gba èyí tó kù gbọ́. Bó bá kọ etí dídi sí i, ilé ẹjọ́ májísíréètì wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Iléṣà.

Èmi ò dé kóòtù. Ọ̀gá dírẹ́bà rí ìwé VIO, ó san owó kọ́bọ́ọ̀dù àti ti fìríìjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Díǹgí, kò san án.

Nígbà tó fẹ́ san ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé ìwé kan wá pé kí n fọwọ́ sí i pé gbogbo rẹ̀ ti parí pátápátá. Apá ọmọkùnrin yẹn ṣì wà nínú P.O.P. nígbà náà. Ẹ má fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi mọ iye tí gbogbo ẹ̀ jẹ́, pàápàá ti ara èèyàn, torí eegun lè jinná ní wíwọ́ kí wọ́n tún padà fọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ pé "mo gba iye báyìí lára owó báyìí", kẹ́ ẹ fi mọ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ẹ̀bi ti lè padà sọ́dọ̀ yín. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá wa ọkọ, bóyá pick-up ọ̀rẹ́ tí ẹ yá, ipò dírẹ́bà lẹ wà yẹn, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa dírẹ́bà ti di tiyín. Láísẹ́ńsì onílẹ́tà B, ọkọ tí kò tó tọ́ọ̀nù 3 ló wà fún. Bí ẹ bá fi dandan lé e pé kí wọ́n kó ẹrù méjì sórí ọkọ kan kẹ́ ẹ má baà san ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ ti fọwọ́ kún un. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń jókòó sórí ẹrù. Èmi ni mo bẹ ọmọkùnrin yẹn, èmi ni mo ní kó gun òkè kó máa di mátírẹ́ẹ̀sì mú. Ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta kì í sábà bo ẹni tó jókòó sórí ẹrù, ìjókòó yẹn gan-an kò sì bófin mu. Owó X-ray àti ti P.O.P., èmi ni mo san án, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi ń kó láti Iléṣà padà sí Ifẹ̀, ó ní kí n bá òun wá ọkọ. Dyna kan dé, ó mọ́ lóòótọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo ń tẹ fóònù. Dírẹ́bà bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń tẹ̀?" Mo ní nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ni. Ó wojú mi, ó wo fóònù, ó ní kí n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí òun pe ọ̀gá òun ná.